Dídúró De Omi: Lórí Ìwé «The Voyage of the Dayspring»

Ní Ìlọrin níbí, eruku ti gba ojú ọ̀run, ètè ń là, kò sì sí ẹni tó ń ronú omi àfi omi mímu. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ ìwé kan tó jẹ́ pé omi ló dá lé, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé orí ilẹ̀ gbígbẹ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀.

Orúkọ ìwé náà ni «The Voyage of the Dayspring». A.C.G. Hastings ló tò ó jọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1926. Àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí John Hawley Glover ṣe lórí Odò Ọya ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àlàyé tí Hastings fi kún un. Glover yìí náà ló padà wá di alákòóso Èkó, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, tí gbọ̀ngàn Glover ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ó ti kú láti 1885, kò fojú rí ìwé tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, bí mo bá ń bá àkọlé ìwé yìí jà, kì í ṣe Glover ni mo ń bá jà. Mo sì ń bọ̀ wá bá àkọlé náà jà lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọkọ̀ èéfín Dayspring wọ Odò Ọya láti ẹnu òkun ní oṣù keje ọdún 1857. William Balfour Baikie ni olórí wọn, Samuel Àjàyí Crowther sì wà nínú ọkọ̀. Wọ́n gun odò, wọ́n fi John Christopher Taylor sílẹ̀ ní Onitsha pé kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ níbẹ̀, wọ́n kọjá ibi tí Odò Bẹ́núé ti wọnú Ọya, wọ́n kọjá Rábà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá, nítòsí Jẹ́bà, ìṣàn omi gbá ọkọ̀ náà mọ́ àpáta, ó sì rì. Oṣù mẹ́ta nìyẹn. Lẹ́yìn náà, wọ́n pàgọ́ sí etí odò fún bí ọdún kan, wọ́n ń retí kí omi ọdún tó ń bọ̀ kún, kí ọkọ̀ mìíràn lè gòkè wá bá wọn. Ọkọ̀ tó wá ní 1858 ni Sunbeam.

Oṣù mẹ́ta ìrìn, nǹkan bí oṣù méjìlá ìdúró. Ẹni tó bá wá pe irú nǹkan báyìí ní «ìrìn-àjò ọkọ̀», ó ti sọ fún wa ibi tí ojú rẹ̀ wà. Lójú rẹ̀, ìgbà tí ọkọ̀ ń rìn nìkan ni atukọ̀ jẹ́ atukọ̀. Bí omi bá ti fà, ìtàn ti parí, ohun tó kù ni ìyà, ibà, àti bí akọni kan ṣe fẹsẹ̀ rìn gba inú igbó lọ sí Èkó láti wá ohun èlò. Lóòótọ́, Glover rìn in, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gba Ìlọrin wa níbí kọjá. Èmi kò ní kí a má yìn ín. Ohun tí mo ń sọ ni pé a sọ ìtàn odò di ìtàn ọ̀nà ilẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń to ìwé náà jọ kò rí nǹkan kan wò nínú odò tí ọkọ̀ òyìnbó kò sí lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi, ẹ ó rántí ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré kan tí mo máa ń fi yọ yín lẹ́nu: «dè». «Ó dúró» yàtọ̀ sí «ó dúró dè mí». Àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ kò rìn, ó tán. Ìkejì, ẹsẹ̀ kò rìn ṣùgbọ́n ọkàn ti lọ síwájú lọ pàdé ẹni tó ń bọ̀. Ẹ tún gbọ́ èyí: «ó se oúnjẹ dè wọ́n», «ó ṣílẹ̀kùn dè é», «ó lúgọ dè é». Nínú gbogbo rẹ̀, ẹni tàbí ohun kan ń bọ̀ tí kò tíì dé, iṣẹ́ sì ti ń lọ nítorí rẹ̀. Èdè wa kò fi ìdúró ṣe àìníṣẹ́. Ó fún un ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀.

Àléébù ìwé Hastings, lójú tèmi, kò ju èyí lọ: ìwé náà mọ «dúró», kò mọ «dúró de».

Kí ni atukọ̀ ń dúró dè gan-an? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí òtútù bá ti dé, àwọn tó ní ọkọ̀ kékeré á fà á gòkè sórí ilẹ̀, wọ́n á fi tapólì bò ó, wọ́n á kùn ún, wọ́n á jókòó ti iná, wọ́n á máa ka oṣù títí ìgbà ooru yóò fi dé. A lè rò pé bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn, pé ẹ̀ẹ̀rùn wulẹ̀ dúró sí ipò òtútù. Ṣùgbọ́n Odò Ọya ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ní agbègbè Jẹ́bà, kí wọ́n tó kọ́ ìdídò sórí odò, ẹ̀ẹ̀mejì lódò ń kún lọ́dún. Ìkún àkọ́kọ́ ni ti òjò tó rọ̀ nítòsí. Ó máa ń dé ògógóró rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ẹrẹ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ omi fi ń pè é ní ìkún funfun. Ìkún kejì ni ti òjò tó rọ̀ ní àwọn òkè Gíní. Omi yẹn gba ilẹ̀ Málì, ó tàn kálẹ̀ sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńlá tó wà níbẹ̀, ó da ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì pẹ́ lọ́nà fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ló ń dé. Ó mọ́ gaara, ó sì dúdú lójú, wọ́n ń pè é ní ìkún dúdú.

Ẹ wò ó: nígbà tí kànga ń gbẹ ní Ìlọrin, tí àwọn odò kéékèèké ti di ọ̀nà tí ewúrẹ́ ń gbà kọjá, Ọya tún ń kún ní Jẹ́bà. Ṣùgbọ́n ìkún yẹn kò tó láti gbé ọkọ̀ èéfín ńlá láti ẹnu òkun wá, torí pé Bẹ́núé ti fà, odò ìsàlẹ̀ Lọ́kọ́ja sì ń fà pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, àwọn tó pàgọ́ lọ́dún náà jókòó síwájú odò tó ń kún tí kò sì lè gbà wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi á wá fà pátápátá, ní nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkẹfà, kí òjò tuntun tó gbé e dìde. Òǹkọ̀wé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ì bá fi èyí ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. Ìtàn ńlá ni: omi dé, kì í ṣe omi tí à ń retí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé ìwé kejì tì í. Ní 1859, wọ́n tẹ «The Gospel on the Banks of the Niger» jáde, níbi tí àkọsílẹ̀ Crowther àti ti Taylor lórí ìrìn-àjò kan náà wà. Ìwé ìjọ ni. Kò sí ẹni tí yóò kà á nítorí ìgbádùn ọkọ̀ wíwà. Síbẹ̀, mo fi ṣáájú ti Hastings, ìdí mi sì rọrùn: Crowther rí iṣẹ́ ṣe nínú ìdúró. Ó wà ní ilẹ̀ Tápà, ó ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, ó ń tẹ́tí sí èdè wọn. Ẹni tó ti kọ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843 tó sì tún un ṣe ní 1852 kò lè jókòó sí àárín èdè mìíràn kí ó pa etí dé. Ní 1864, ọdún kan náà tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ èdè Tápà tó kọ jáde. Ọkọ̀ tó fọ́ ní Jẹ́bà wà lára ohun tó bí ìwé yẹn. Bí Dayspring bá ti lọ tó sì ti bọ̀ ní ìrọ̀rùn, ṣé Crowther á ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn Tápà? Mi ò rò bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àgbà tó bá yìn gbọ́dọ̀ lè bá wí pẹ̀lú. Crowther náà kò fún wa ní ohun tí mo ń wá jù. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tí a lè fi túmọ̀ Bíbélì àti ọ̀nà tí iléèwé lè gbà dúró. Ọ̀rọ̀ ọba, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ ọjà ló gbilẹ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Atukọ̀ Tápà tó jókòó létí omi, tó ń wo àmì orí òkúta, tó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé omi ọdún yìí á yá tàbí á pẹ́, òun kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe àlùfáà. A kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Nínú méjèèjì, àwọn ẹni tí odò jẹ́ oko wọn gan-an ni ọ̀rọ̀ wọn ṣọ̀wọ́n jù.

Ẹnì kan lè bi mí pé, «Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ló kan àwa Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ atukọ̀ Tápà?» Ó kàn wá gan-an. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ «ọkọ̀» yẹ̀ wò. Láyé Crowther, ẹni tó bá ní «ọkọ̀», ti orí omi ló ń wí, kò nílò àlàyé. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, ó ní láti jẹ́ «ọkọ̀ ojú irin» kí ó má baà da ti omi rú. Lónìí, ẹ dé ọjà Ọ̀jà Ọba kí ẹ sọ pé ẹ fẹ́ wọkọ̀, mọ́tò ni wọ́n á fi hàn yín. Ti omi ló wá di èyí tó ń gbé àfikún kiri: «ọkọ̀ ojú omi». Onílé ti di àlejò. Bẹ́ẹ̀ náà ni «wa ọkọ̀»: àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wà á kí ó tó di ti alákọ́sọ irin. «Gúnlẹ̀» ńkọ́? Létí omi ni ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ kí bàálù tó gbà á. Èdè wa kún fún ọ̀rọ̀ atukọ̀ tí a ti kó wá sórí ilẹ̀, a sì ti gbàgbé ibi tí a ti kó wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdúró wa, ti oko ni. Bí ẹ bá ní kí àgbẹ̀ Ìlọrin sọ ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́, á sọ fún yín: ṣíṣán igbó, sísun ún, kíkọ ebè, títọ́jú irúgbìn de òjò. Ó mọ «dè» tirẹ̀. «Dè» ti odò, lọ́wọ́ àwọn Tápà tí à ń bá gbé ìpínlẹ̀ kan náà ló wà. Orúkọ ìpínlẹ̀ wa pàápàá, Kwara, orúkọ tí àwọn Hausa ń pe Odò Ọya ni. Edu, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ Lafiagi, orúkọ tí àwọn Tápà ń pè é ni. À ń kọ orúkọ odò sórí lẹ́tà ìjọba lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kò mọ oṣù tó ń kún.

Ìwé kẹta tí mo fẹ́ dárúkọ sún mọ́ ohun tí mo ń wá díẹ̀. S.F. Nadel, tó gbé láàárín àwọn Tápà ní àwọn ọdún 1930, kọ àròkọ kan nípa àwọn Kede, àwọn Tápà tó ni odò. Ó wà nínú ìwé «African Political Systems» tó jáde ní 1940. Nadel rí i pé àwọn atukọ̀ kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ọkọ̀ lásán. Wọ́n ní olórí tiwọn, Kuta, tó fi Muregi ṣe ibùjókòó níbi tí Odò Kàdúná ti wọnú Ọya, bí odò ṣe ń ṣàn sì ni agbára wọn ṣe nà lọ. Kódà bí wọ́n ṣe pín ara wọn, odò ló pín wọn: Kede Tifin ni ti òkè odò, Kede Tako ni ti ìsàlẹ̀. Nínú àròkọ yìí, odò ti di ìlú, kì í ṣe ọ̀nà tí àlejò ń gbà kọjá mọ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Àbùkù kan ṣoṣo tí mo bá pàdé níbẹ̀ ni pé ó kọ ọ́ bí ẹni pé bí odò ṣe rí lọ́jọ́ náà ni yóò ṣe rí títí ayé.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n parí ìdídò Kainji ní 1968. Ti Jẹ́bà tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1980, ti Shiroro lórí Odò Kàdúná náà sì tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, omi tó ń kọjá níwájú Pátégi kì í ṣe ti òjò nìkan mọ́. Ti iná mànàmáná náà ni. Bí wọ́n bá ṣí ẹnu ọ̀nà omi, odò á dìde. Bí wọ́n bá tì í, á wálẹ̀. Àmì tí baba fi han ọmọ lórí òkúta kò fi bẹ́ẹ̀ sòótọ́ mọ́. Mi ò bú iná o, òun ni mo fi ń kọ èyí tí ẹ ń kà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n «dè» ti odò wá ṣòro ní ìlọ́po méjì: a kò kọ ti àtijọ́ sílẹ̀ dáadáa, ti tuntun sì nílò kí a tún un kọ́.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni mo ń sọ. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni odò ń ṣí ikùn rẹ̀. Ìgbà náà ni atukọ̀ ń rí òkúta tó máa sá pamọ́ lóṣù kẹsàn-án, kùkùté igi tí omi gbé wá, yanrìn tó ti kúrò níbi tó wà lésìí. Ìgbà náà ló ń kan pátákó tuntun, tó ń fi ọ̀dà dí ojú ibi tó ń jò. Ẹni tí kò bá ka odò nígbà tó ṣí sílẹ̀, ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ni yóò fi kà á. Ní oṣù kẹfà 2023, lóru, ọkọ̀ kan tó ń kó àwọn èrò ìgbéyàwó bọ̀ láti Egboti ní ìpínlẹ̀ Niger sọdá sí àwọn abúlé agbègbè Pátégi dànù. Èrò pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ròyìn pé igi tó wà lábẹ́ omi ló kọlù. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Oṣù kẹfà, ẹ ṣàkíyèsí: ẹnu ọ̀nà ìgbà omi tuntun ni. Ohun tó wà lábẹ́ omi lóru ọjọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí ojú ti rí i nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ta ló ń wò ó? Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀? Ta ló sọ ọ́ fún ta?

Ní 1857, àpáta. Ní 2023, igi. Lẹ́yìn ọdún 166, odò kan náà ṣì ń fi ohun tí a kò kà dá wa lóhùn.

Àwọn kan nínú yín á ní mo ń fẹ́ kí Hastings kọ ìwé tí òun kò pète láti kọ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwé akọni ló fẹ́ ṣe fún àwọn òǹkàwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1926, a kò sì lè bi ẹni tó ń ta ẹja léèrè iṣu. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló gbé «voyage» sórí ìwé. Bí ẹnì kan bá ní ìtàn odò lòun ń tà, ó yẹ ká lè bi í pé odò dà. Àti pé àṣìṣe náà kò parí sí 1926. Àwọn oníròyìn tiwa ń ṣe é títí di òní: wọ́n á dé Pátégi lọ́jọ́ ìdíje ọkọ̀, wọ́n á ya fọ́tò aṣọ àti ìlù, wọ́n á kọ̀wé pé ó dùn, ó parí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ọkọ̀ kan fi ṣáájú òmíràn lọ́jọ́ náà, inú oṣù tí kò sí fọ́tò ni ìdáhùn wà, nígbà tí wọ́n dojú ọkọ̀ dé tí wọ́n ń kàn án.

Nítorí náà, ìdájọ́ mi lórí ìwé yìí nìyí. Ẹ kà á, torí Glover fojú rí ohun tó pọ̀, ìwé tó sọ nípa agbègbè wa ní 1857 kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi òun nìkan ṣe ẹ̀rí. Ẹ ka Crowther tì í, kí ẹ rí bí ènìyàn ṣe ń fi ìdúró ṣiṣẹ́. Ẹ ka Nadel, kí ẹ rí àwọn tó ni odò. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní yunifásítì wá fún mi ní ìwé kẹrin, èyí tí kò tíì sí.

Iṣẹ́ náà kò le ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ rán akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Tápà lọ sí Pátégi, sí Jẹ́bà, sí Lafiagi, nínú oṣù kìíní títí di oṣù karùn-ún, kì í ṣe lọ́jọ́ ìdíje. Kó bá àwọn àgbà atukọ̀ jókòó níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Kó béèrè orúkọ ìkún kọ̀ọ̀kan, orúkọ òkúta kọ̀ọ̀kan, orúkọ yanrìn tó ń ṣí kiri, ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó ní omi ti tó. Kó béèrè ohun tó yí padà lẹ́yìn Kainji. Kó kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún un sílẹ̀ pẹ̀lú, bí onítọ̀hún bá gbà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sì dá ẹ̀dà rẹ̀ padà fún àwọn ọmọ ibẹ̀ ní èdè wọn, kí ó má baà di ìwé tó ń sùn sórí pẹpẹ nílé ìkàwé wa.

Ọyẹ́ ṣì wà níta. Omi òjò kò tíì bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, àkókò rẹ̀ nìyí. Ó dìgbà mìíràn ná.